Èló Ni Iṣu ní Kùmásí?

Nígbà tí Ọláoyè fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ìparí ọdún 1991, kò sí ẹni tó rò pé ó lè gba ibòmíràn lọ ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Bí kò bá sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kó jókòó sí Ìgándò tó kọ́lé sí, kó máa gba owó yàrá, kó máa bá àwọn ọmọ-ọmọ ṣeré. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni. Òun àti Abigail ìyàwó rẹ̀ ń lo mẹ́ta, ayálégbé wà nínú mẹ́ta yòókù. Gbóyèga ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Ìkẹjà, Ẹ̀gbẹ́dá nítòsí ibẹ̀ ló sì ń gbé. Kí lèèyàn tún ń fẹ́?

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Àìkú kejì nínú ọdún tuntun, tí gbogbo wọn ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán. Ọláoyè fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Kùmásí là ń lọ."

Abigail tó ń kó abọ́ dúró. "Ta ló ń lọ sí Kùmásí?"

"Èmi àti ìwọ. Ibẹ̀ la ó ti máa jẹ ìyókù ayé wa."

Gbóyèga wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. "Bàbá, Kùmásí ti Gánà?"

"Ṣé òmíràn wà ni?"

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà láàárín Ọláoyè àti Kùmásí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló jẹ́ nígbà tó tẹ̀ lé àbúrò bàbá rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dún 1951, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń lọ nígbà náà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ kafíńtà, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Abigail, tí òun náà ń ta aṣọ lọ́jà Kéjétíà. Ó ní ìsọ̀ tirẹ̀, ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án, òun ló kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ní ìgboro. Bó bá ń kọjá, wọ́n á máa kí i, "Ọ̀gá, ọ̀gá." Ìgbà tó di ìparí ọdún 1969, ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọláoyè kò níwèé. Ta ló ń wá ìwé fún ibi tó ti ń gbé láti ìgbà èwe? Ó gbé Gbóyèga tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin sí èjìká, Abigail di ìwọ̀nba aṣọ tó lè gbé, wọ́n wọ lọ́rì. Irin iṣẹ́, pákó, ẹ̀rọ ìfági, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìsọ̀ tí wọ́n tì, kò sì tún fojú kàn án mọ́. Ní Èkó, ìjọba gbà á síṣẹ́, ó sì lo ọdún méjìlélógún nídìí kíkan tábìlì àti àga ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀gá àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ kó fọwọ́ síwèé.

"Ibi tí wọ́n ti lé wa lẹ fẹ́ padà lọ?" Abigail bi í.

"Ìjọba ló lé wa. Àwọn èèyàn kọ́."

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé, Bàbá Gbóyèga."

"Èwo ni àjò, èwo ni ilé níbẹ̀?" Ọláoyè dáhùn. Ó rò pé òun fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó ti sọ ọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ kò mọ èsì ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó gbé e dìde ni lẹ́tà kan tí Àjíṣafẹ́ kọ sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni Àjíṣafẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò kúrò ní Kùmásí lọ́jọ́ tí wọ́n ń lé wọn, nítorí ọmọ Àṣáńtì ló fẹ́, ó sì ti ní ìwé. Ọláoyè ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: bí àgbàlagbà méjì bá fẹ́ wá máa gbé Kùmásí báyìí, èló ni wọ́n máa ná lóṣù? Àjíṣafẹ́ sì fèsì ní ṣókí. Yàrá méjì, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ sídì lóṣù. Iṣu ńlá kan, ọ̀ọ́dúnrún sídì. Karosíìnì, omi àti iná, ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀. Oúnjẹ gbogbo, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. "Ayé ń rọ̀ wá lọ́rùn níbí," ó fi kún un. "Ẹ máa bọ̀."

Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Ọláoyè. Ọ̀ọ́dúnrún sídì fún iṣu kan! Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀ọ́dúnrún sídì lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ilé. Ó rò pé ọ̀rẹ́ òun ń ṣe àwàdà. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ pé sídì kì í ṣe sídì àtijọ́ mọ́, pé owó ibẹ̀ ti fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, pé náírà kan lè ra àpò rẹ̀ kan. Inú rẹ̀ wá dùn. Ṣùgbọ́n mélòó gan-an ni náírà kan ń rà? Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Kwábìnà, ọmọ Gánà kan tó ń ṣe bàtà lẹ́bàá ọjà Ìkọ̀tún. Kwábìnà ti wà ní Ìkọ̀tún láti ọdún 1979. Lọ́dún 1983 tí ìjọba tiwa náà ní kí àwọn ará Gánà máa lọ, ó lọ. Oṣù mẹ́rin ló lò nílé, ó padà wá, ó tún ìsọ̀ rẹ̀ ṣí bí ẹni pé ọjà alẹ́ ló lọ ná.

"Bàbá, náírà kan, sídì ogójì," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ti Àkúrá, olú ìlú wa, bọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ ná?"

"Mo fẹ́ lọ máa gbé ni."

Kwábìnà gbé bàtà tó ń rán sílẹ̀. Ó wo Ọláoyè látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀. "Èmi tí mo sá níbẹ̀ wá síbí ńkọ́? Ṣé mo gọ̀ ni?"

Ọláoyè kúrò níbẹ̀. Ó lọ bá awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Lómẹ̀. Ìyẹn ní náírà kan, sídì mẹ́tàdínlógójì, bí ojú bá sì le ní bọ́dà, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó bi Gbóyèga.

"Bàbá, àwa kì í pààrọ̀ sídì ní báńkì wa. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ sọ náírà di dọ́là, wọ́n á wá sọ dọ́là di sídì."

"Dọ́là ti Amẹ́ríkà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ni Amẹ́ríkà ń wá láàárín èmi àti Kùmásí?"

Gbóyèga gbìyànjú láti ṣàlàyé, ó fi ike omi ṣàpẹẹrẹ náírà, ó fi ife ṣàpẹẹrẹ dọ́là, ó fi ṣíbí ṣe sídì. Nígbà tó fi máa parí, Ọláoyè kò mọ èwo nínú wọn ni owó mọ́. Kafíńtà ni. Pákó tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá láàárọ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá náà ni yóò jẹ́ nírọ̀lẹ́. Kò rí irú ọ̀pá tí ń gùn, tí ń kúrú lọ́wọ́ ẹni tó ń wọn nǹkan rí.

Ó mú ogójì ti Kwábìnà, torí òun ló pọ̀ jù. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jẹ́ irinwó náírà ó lé àádọ́ta lóṣù. Yàrá mẹ́ta tí wọ́n ń yá, ọgọ́ta náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀, ẹgbẹ̀ta ó lé ọgbọ̀n. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di sídì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó lé igba. Ó wá kó ìnáwó Àjíṣafẹ́ jọ, ó fi ẹgbẹ̀rún méjì kún un fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀: ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yóò ṣẹ́kù! Ó pe Abigail, ojú rẹ̀ ń dán.

Abigail jókòó, ó fọwọ́ lérán, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ó dáa. Owó ọkọ̀ ńkọ́, tí èèyàn wa kan bá kú ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Ta ló máa kú?"

"A ò mọ̀ ọ́n. Òun ló ṣe yẹ ká fowó sílẹ̀."

Ọláoyè kọ ọ́ sílẹ̀. Kò mọ iye tí ikú ẹlòmíràn máa ná òun, ó fi ẹgbẹ̀rún kan síbẹ̀.

"Ta ló máa máa bá yín gba owó ìfẹ̀yìntì? Ojú yín ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sanwó."

Kò tíì ronú kan ìyẹn.

"Bí ayálégbé kò bá sanwó ńkọ́? Bí ẹ tiẹ̀ wà nílé níbí, ẹ̀ẹ̀mélòó ni Bàbá Mọ̀dínátù san owó lásìkò lọ́dún tó kọjá?"

"Abigail, ṣé o fẹ́ kí a lọ ni àbí o ò fẹ́?"

"Mo kàn ń béèrè ni jàre," Abigail dáhùn, ó sì dìde lọ wo ìkòkò.

Kwábìnà náà tún da omi tútù sí i lọ́rùn. Oṣù mẹ́ta péré, ó ní, ni èèyàn lè gbé ní Gánà láìgba ìwé ìgbélùú. Lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ gbàwé, kó máa tún un ṣe. Ọláoyè ní, "Ìwé yẹn náà?" Ó ti tó ọdún méjìlélógún, síbẹ̀ bí ó ti gbọ́ "ìwé ìgbélùú," ó dà bí ìgbà tí lọ́rì yẹn tún ń kun níwájú ilé. Ó sanwó bàtà tí kò fún un ṣe, ó gbàgbé ṣéńjì rẹ̀ sọ́wọ́ Kwábìnà, ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìkọ̀tún dé Ìgándò. Kò mọ̀ pé òun kò wọkọ̀ títí tó fi rí ẹnu ọ̀nà ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹta, rédíò sọ pé ìjọba ti yí bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ náírà padà. Ọláoyè gbọ́, kò kà á sí, torí ọ̀rọ̀ dọ́là ni wọ́n ń sọ. Ọjọ́ kẹta ni Gbóyèga dé, tó ń mí hẹlẹ. "Bàbá, náírà yín ti wálẹ̀."

"Náírà mi? Ó wà nínú àpótí."

"Rárá, sà. Ó wà nínú àpótí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan tó tó tẹ́lẹ̀ mọ́."

Ọláoyè lọ ṣí àpótí. Owó pé. Ó kà á níṣojú ọmọ rẹ̀, ó pé géérégé. Ó wá gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Kwábìnà. Kwábìnà ní sídì mẹ́rìnlélógún ni náírà kan ń rà báyìí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò dá òun lójú pé yóò rí bẹ́ẹ̀ lọ́la. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé ọgọ́fà sídì ni gbogbo owó tó ń wọlé. Ìnáwó jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọgọ́fà sídì ló kù, kò sì tó ìdajì iṣu. Kò tíì ka owó òkú Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì ka ìwé ìgbélùú.

Ohun tó wá ń ṣe é ní kàyéfì ni pé bí owó náà ti ń dín, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí Kùmásí sí i. Ó yọ ẹran kúrò nínú ìnáwó. Ó yọ iná mànàmáná. Ó wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fẹ́ yọ ọ́, Abigail sì rí i látẹ̀yìn.

"Ẹ fi ìyẹn síbẹ̀," ó ní. "Àfi tó bá jẹ́ pé èmi nìkan ló máa padà wálé."

Àárín oṣù kẹfà ni Àjíṣafẹ́ dé. Kò kọ̀wé, kò ránṣẹ́. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀nà Ìgándò kún fún ẹrẹ̀. Ọláoyè ń dí ibi tó ń jò lórí yàrá ẹ̀yìn nígbà tó rí ọkùnrin kan tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ru àpò kan, tó fa ìkejì lọ́wọ́, tó ń béèrè ilé Ọláoyè kafíńtà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ọdún méjìlélógún! Wọ́n dì mọ́ra wọn nínú òjò, Abigail sì ń pariwo láti ìloro pé ṣé wọ́n fẹ́ kú ni.

Nígbà tí Àjíṣafẹ́ ti wẹ̀, tó ti jẹ ẹ̀bà, Ọláoyè ní, "O wá mú wa lọ ni?"

Àjíṣafẹ́ wo ilẹ̀. "Mo wá wo bí ilé ṣe rí ni. Mo fẹ́ mọ iye tí yàrá kan ń lọ níbí."

"Yàrá kan, níbo?"

"Ní Èkó níbí. Tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Níbikíbi ṣá. Láti ìgbà tí ìyàwó mi, ìyá Susanna, ti kú, ilé yẹn ti ń dún gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn lójú mi. Mo fẹ́ máa gbọ́ Yorùbá kí n tó sùn."

Ọláoyè gbàgbé pé àlejò ni. "Ìwọ lo kọ ọ́ pé ayé ń rọ̀ yín lọ́rùn! Ìwọ lo ní ká máa bọ̀!"

"N kò purọ́. Mo rò pé tí ẹ bá wá, kò ní ṣe mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Àwọn iye tó o kọ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ họrí. Ó ní òun kò tẹsẹ̀ bọ ọjà fún bí ọdún mẹ́fà. Susanna ọmọ òun ló ń ra gbogbo nǹkan, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń gbé e wá. Nígbà tí lẹ́tà Ọláoyè dé, òun bi Susanna léèrè, òun sì kọ ohun tó sọ. Àfi ìgbà tí Susanna bímọ ní oṣù kẹrin, tí òun fẹsẹ̀ ara òun lọ sọ́jà. "Mo na ọ̀ọ́dúnrún sí obìnrin tó ń ta iṣu. Ó wò mí, ó ṣàánú mi, ó gé ìdajì fún mi. Ẹgbẹ̀rin sídì ni wọ́n ń ta odindi. Nígbà tí mo bi Susanna, ó ní tí òun bá sọ òótọ́ fún mi, mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni mo máa ṣe."

"Owó ilé ńkọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Wọ́n á sì gba ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi ọkùnrin ló san án fún mi. Ó di ìparí ọdún tó ń bọ̀ kó tó tán."

Abigail ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ ìdajì iṣu. "Bàbá Susanna, yàrá kan ní Ìgándò, ọgọ́ta náírà. Gààrí kóńgò kan, náírà mẹ́wàá. Omi, ẹ ó fà á ní kànga fúnra yín. Iná, tó bá wù wọ́n." Àjíṣafẹ́ ń ka gbogbo rẹ̀ lórí ìka, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń sọ ọ́ di sídì. Ọláoyè wò ó. Ó rí bí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣókùnkùn, tó sì mọ́ padà, tó tún ṣókùnkùn, ó sì mọ̀ pé bí ojú tòun náà ti rí nìyẹn láti oṣù kìíní.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àwọn bàbá méjèèjì kò ṣe nǹkan mìíràn. Bí Ọláoyè bá ní Ìgándò ti wọ́n, Àjíṣafẹ́ á ní Kùmásí ló wọ́n. Bí ìyẹn bá ní omi kànga kò dáa, èyí á ní ọmọ ìlú ẹni ló fà á. Ìgbà mìíràn wọ́n á pààrọ̀ ẹnu, Ọláoyè á máa bu Kùmásí, Àjíṣafẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà rẹ̀, títí wọn kò fi ní mọ ẹni tó fẹ́ lọ àti ẹni tó fẹ́ bọ̀. Mọ̀dínátù, ọmọ ayálégbé, bi Abigail pé ṣé ìjà ni. Abigail ní òun náà ò mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọláoyè bá a níbi tó ti ń fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó jókòó sórí korobá tó dojú dé. "Ìyá Gbóyèga, ṣé ká lọ ni, àbí ká má lọ?"

Abigail fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kó tó dáhùn. "Láti oṣù kìíní, ẹ ti bi aránbàtà. Ẹ bi awakọ̀. Ẹ bi báńkì. Ẹ kọ̀wé lọ bi ẹni tí kò lọ sọ́jà rí. Òní lẹ wá bi mí."

Ọláoyè fa korobá rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ọkàn mi kò dúró sójú kan," Abigail ní. "Láàárọ̀ mìíràn tí mo bá jí, èdè Àṣáńtì ló máa wà lẹ́nu mi, inú mi á dùn, n ò ní mọ ohun tó fà á. Tó bá di ọ̀sán, tí mo lọ sọ́jà Ìkọ̀tún, mo mọ ẹni tó ń yọ̀nda ènì, mo mọ ẹni tó ń tẹ ìdí kóńgò wọlé. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ ọ. Mo ti di ẹni ọgọ́ta ọdún ó dín mẹ́ta. Ṣé mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ti ibòmíràn? Ó tún ń ṣe mí bíi kí n kọ́ ọ. Ẹ wò ó, mi ò mọ̀, jàre."

Inú Ọláoyè ìbá bàjẹ́, ṣùgbọ́n ara tù ú díẹ̀. Ó ti rò pé òun nìkan ni kò mọ̀.

Àjíṣafẹ́ ló la ọ̀rọ̀ náà, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ là á. Ó kàn ń ráhùn lórí oúnjẹ pé owó ilé òun ń jóná lásán ní Kùmásí, yàrá méjì, kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Abigail gbé orí sókè. "Yàrá ẹ̀yìn wa náà ṣófo. Ẹ gbé ibẹ̀, ká lọ gbé tiyín. Oṣù mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ìwé, ẹnikẹ́ni kò ní san owó ilé." Gbogbo ìwé tí àwọn bàbá méjèèjì fi ń ṣírò wà lórí àga, kò sì sí èyí tí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú rẹ̀.

Ọláoyè àti Abigail lọ ní oṣù kẹjọ. Gbóyèga bá bàbá rẹ̀ gba ìwé àṣẹ láti máa gba owó ìfẹ̀yìntì, ó sì fún wọn ní náírà díẹ̀ kún un. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn, wọ́n ṣẹ́ owó ní ibi mẹ́ta, iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún wọn níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn òṣìṣẹ́ bọ́dà kò bi Ọláoyè ní nǹkan kan ju orúkọ rẹ̀ lọ, ó sì dùn ún díẹ̀, torí ó ti múra ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sílẹ̀ láti ọdún 1969.

Ní Kùmásí, ó wá ìsọ̀ rẹ̀ tì. Ó dúró ní oríta kan fún wákàtí kan, ó ń sọ pé, "Ibí ni," ó sún síwájú, "Rárá, ibí ni." Ilé alájà méjì wà lápá kan, ibi tí wọ́n ti ń ta táyà wà lápá kejì. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tó kan òrùlé wọn, ó rí ọ̀kan. Wọ́n ti pààrọ̀ páànù, ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé tó gbójú sókè, igi rẹ̀ ló rí, ìdè tó fọwọ́ ara rẹ̀ dè, kò yẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì fi wá béèrè bóyá ara rẹ̀ dá. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun lòun kàn án. Èdè náà kò wá sẹ́nu rẹ̀ lásìkò.

Abigail ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ló ti ń lọ sọ́jà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ lórí tòmátì, ó padà wálé pẹ̀lú ìbínú. Ọjọ́ kejì, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọláoyè gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun àti Susanna ń rẹ́rìn-ín ní èdè Àṣáńtì, wọ́n gbé ìkòkò irin ńlá kan dání, èyí tó lè se oúnjẹ fún ogún èèyàn.

"Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Èmi àti ìwọ?"

"Owó pọ́ọ́kú ni," Abigail ní.

Owó náà kò tó. Ní oṣù kejì, wọ́n ti ń jẹ nínú èyí tí Gbóyèga fún wọn. Ọláoyè ṣe tábìlì kan àti àga méjì fún aládùúgbò, ìyẹn san owó fún un, ó sì pè é ní ọ̀gá. Fún odindi ọjọ́ kan, ó rò pé òun ti mọ ohun tí òun fẹ́. Ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, Susanna mú un lọ sílé ìwòsàn, owó oògùn nìkan jẹ owó tábìlì náà, ó jẹ ti àga mọ́ ọn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n padà dé Ìgándò. Wọ́n bá Àjíṣafẹ́ lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó sanra, ó ń bá Bàbá Mọ̀dínátù jà lórí owó yàrá bí ẹni pé òun ló nilé. Ó ti gbin ilá sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti fi í sí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ó kí wọn tìyanutìyanu, ó bi wọ́n léèrè Susanna, ó bi wọ́n léèrè ọmọ, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí òun máa padà lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Gbóyèga mú àwọn ọmọ wá. "Bàbá, ṣé ẹ ti parí ẹ̀ báyìí? Ṣé ẹ tún ń lọ?"

"Jẹ́ kí n sinmi ná," Ọláoyè ní.

Abigail ń tú ẹrù nínú yàrá, ó ń yọ aṣọ, ó ń yọ ẹja gbígbẹ tí Susanna fi ránṣẹ́. Ọláoyè dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò ó. Nígbà tí àpò kẹta tán, ó ní, "Ìkòkò yẹn dà?"

"Mo fi sílẹ̀."

"Lọ́dọ̀ Susanna? O fi ta á lọ́rẹ?"

"Rárá. Ó wà nínú yàrá ní Kùmásí. Mo da aṣọ bò ó kí eruku má bà á."

Ọláoyè ń retí kó sọ ìyókù. Abigail gbọn ìró kan, ó ká a, ó gbé e lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó mú òmíràn. Ọ̀rọ̀ àtipadà lọ wà létè Ọláoyè, kò kàn mọ bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀ ni, bóyá ìbéèrè ni àbí ẹ̀bẹ̀. Àjíṣafẹ́ pè é láti ẹ̀yìnkùlé pé orí yàrá òun tún ti ń jò. Ó lọ gbé àkàsọ̀.